Houston tàbí UConn? Bí a ṣe ń to àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà sípò nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀

Yunifásítì Houston àti Yunifásítì Connecticut, tí gbogbo èèyàn ń pè ní UConn, ti dé Final Four ní ẹ̀ẹ̀meje-méje títí di ọdún 2025. Final Four ni ìpele tí ikọ̀ mẹ́rin péré ti ṣẹ́kù nínú ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ọkùnrin tí àjọ NCAA ń ṣe lọ́dọọdún fún àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Nínú ẹ̀ẹ̀meje yẹn, UConn gbé ife lọ sílé ní ẹ̀ẹ̀mẹfà. Houston kò gbé ẹyọ kan. Ẹni tó ń ka ife yóò ní UConn wà lára àwọn àgbà, kò sì ní dárúkọ Houston rárá. Ẹni tó ń ka Final Four yóò fi àwọn méjèèjì sójú kan náà. Kò sì sí ẹni tó parọ́ nínú wọn.

Irú àtòjọ báyìí pọ̀ káàkiri: “ikọ̀ 25 tó ga jù nínú ìtàn”, “yunifásítì mẹ́wàá tó dára jù láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn”. Àwọn èèyàn a sì máa bú ara wọn lórí rẹ̀. Ohun tó fa ìjà ni pé ẹni tó ṣe àtòjọ ti dáhùn ìbéèrè mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kò sì sọ ìdáhùn rẹ̀ síta. Kí ló ń kà? Láti ọdún wo ló ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1968 wúwo tó ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá? Inú ìdáhùn mẹ́ta yẹn ni ipò kìn-ín-ní ti ń jáde. Ìṣirò tó kù kàn ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni.

Ife kò wọ́n bákan náà

Bí a bá ka ife nìkan títí di 2025, UCLA ní 11, Kentucky ní 8, North Carolina àti UConn ní mẹ́fà-mẹ́fà, Duke àti Indiana ní márùn-ún-márùn-ún, Kansas ní 4, Villanova àti Florida ní mẹ́ta-mẹ́ta. Florida gba ẹ̀kẹta tirẹ̀ ní ìlú San Antonio ní 2025, nígbà tó fi 65 sí 63 na Houston ní àṣekágbá.

Ìlà yẹn mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń rí ife náà gbà. Ní 1939 tí ìdíje náà bẹ̀rẹ̀, ikọ̀ mẹ́jọ péré ni wọ́n pè. Oregon borí nínú eré mẹ́ta, ó parí. Wọ́n di 16 ní 1951, 32 ní 1975, 64 ní 1985, 68 ní 2011. Nígbà tí UCLA gba àkọ́kọ́ tirẹ̀ ní 1964, eré mẹ́rin ló borí. Florida ní láti borí nínú mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti ń di ẹrù rẹ̀ nìyẹn.

Kì í sì í ṣe iye eré nìkan. Kí ọdún 1975 tó dé, ikọ̀ kan ṣoṣo ni líìgì kọ̀ọ̀kan lè fi ránṣẹ́. Ní 1974, Maryland wà ní ipò kẹrin ní gbogbo Amẹ́ríkà. Àmọ́ North Carolina State fi 103 sí 100 na wọ́n ní àfikún àsìkò, ní àṣekágbá líìgì ACC. Maryland jókòó sílé wòran. NC State lọ gba ife orílẹ̀-èdè. Lónìí, irú Maryland yẹn ì bá wọlé wẹ́rẹ́. Àwọn tó ń gba ife láyé ọjọ́un kì í sábà pàdé ẹni kejì tó le nínú líìgì kan náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹkùn tí ikọ̀ wà ló ń pinnu àwọn tí yóò kọ́kọ́ bá ṣeré.

Àwọn kan ti mú èyí ṣe ìdí láti sọ pé ife UCLA fúyẹ́. Èmi ò gbà pẹ̀lú wọn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá John Wooden gba ife 10 láàárín ọdún 12. Méje nínú wọn tẹ̀ léra, láti 1967 sí 1973. Ikọ̀ rẹ̀ borí nínú eré 88 léraléra kí Notre Dame tó dá wọn dúró ní Oṣù Kìn-ín-ní 1974. Bí ọ̀nà bá tilẹ̀ kúrú, kò sí ẹlòmíràn tó rìn ín bẹ́ẹ̀. Ohun tó tọ́ ni kí ẹni tó ń ṣe àtòjọ sọ bóyá ife 1964 àti ife 2025 jẹ́ iye kan náà lọ́wọ́ òun, tàbí kó fi iye eré tí wọ́n borí ṣe òṣùwọ̀n.

Ibi mìíràn tí iye ife ti máa ń yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn ni ìgbà tí ìdíje NCAA kò tíì sí. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Helms jókòó, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá, ó sì yan ẹni tí ì bá jẹ́ olúborí láti 1901. Kansas ń fi 1922 àti 1923 yangàn nítorí rẹ̀, North Carolina ń fi 1924 yangàn. Bí ẹ bá rí ẹni tó kọ ife mẹ́fà fún Kansas, ibẹ̀ ló ti mú méjì. Mi ò ní kà á mọ́ ife, nítorí pé kò sí ẹni tó bá ẹnikẹ́ni ṣeré fún un. Ìdíje NIT, tí òun náà jẹ́ ti àwọn yunifásítì, yàtọ̀ síyẹn. Ọdún 1938 ló bẹ̀rẹ̀, ó sì dàgbà ju ti NCAA lọ ní ọdún kan. Ìgbà kan wà tí iyì rẹ̀ kò kéré rárá: CCNY (City College ti New York) gba méjèèjì ní 1950, Marquette sì kọ ìpè NCAA ní 1970, ó lọ gba NIT. Ẹni tó bá fẹ́ fún NIT ní àmì díẹ̀ títí di nǹkan bí 1950 kò ṣe ohun tó burú.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n fagi lé tún wà. Nígbà tí NCAA bá rí i pé ikọ̀ kan lo ẹni tí kò yẹ kó gbá bọ́ọ̀lù, tàbí pé ìwà àìtọ́ wáyé, ó lè yọ àwọn àbájáde náà kúrò nínú ìwé. Louisville gba ife ní 2013, wọ́n yọ ọ́ ní 2018. Michigan dé àṣekágbá ní 1992 àti 1993, wọ́n yọ méjèèjì. Ohun tó ń rú àwọn èèyàn lójú ni pé yíyọ kò túmọ̀ sí pé wọ́n gbé ife fún ẹlòmíràn: ẹni tó pàdánù ṣì pàdánù, ẹni tó borí ni kò borí mọ́. Torí náà ni Final Four Kansas fi jẹ́ 16 níbì kan, 15 níbòmíràn (ti 2018 ni wọ́n yọ). Ti UCLA jẹ́ 19 tàbí 18 (ti 1980). Bí ẹ bá ń wo ìwé méjì tí iye wọn fi ẹyọ kan yàtọ̀, ẹ kọ́kọ́ wá èyí tí wọ́n yọ kí ẹ tó sọ pé ẹnì kan kò mọ ìṣirò.

Iye eré tí wọ́n ti borí

Kentucky, Kansas, North Carolina àti Duke ti borí nínú eré tó ju 2,300 lọ níkọ̀ọ̀kan. Òṣùwọ̀n yìí ń san èrè ọjọ́-orí. Kansas bẹ̀rẹ̀ ní sáà 1898–99, James Naismith tó dá eré náà sílẹ̀ ní 1891 sì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn àkọ́kọ́. (Òun gan-an nìkan ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Kansas tí iye tó pàdánù ju iye tó borí lọ: 55 sí 60. Ẹni tó dá ilé sílẹ̀ ni ilé wó mọ́ lórí.) Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà, yunifásítì tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 50 lẹ́yìn Kansas kò lè bá a nínú kíka yìí láé, ì báà dára ju bó ṣe wà lọ. Ìdá eré tí wọ́n borí nínú ọgọ́rùn-ún sàn díẹ̀, àfi kí ẹ fi òdiwọ̀n sí i, kí ẹ ní kí ikọ̀ ti gbá ó kéré tán sáà 25 ní Division I, ìpele tó ga jù nínú NCAA. Láìsí ìyẹn, ikọ̀ kékeré kan tó kàn ṣe dáadáa ní sáà mẹ́ta yóò gun orí òkè lọ.

Báwo ni àná ṣe wúwo tó?

Ibí ni gbogbo ìjà wà, ó sì yẹ ká fi nọ́ńbà ṣe é.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí a yan “ọdún ìdajì”: iye ọdún tí ife kan fi ń dín kù sí ìdajì. Bí a bá yan 10, ife ọdún yìí jẹ́ 1, ti ọdún 10 sẹ́yìn jẹ́ 0.5, ti ọdún 20 jẹ́ 0.25. Nínú Excel, ẹ kọ =0.5^(ọjọ́-orí ife/10), kí ẹ sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. A ó fi 2025 ṣe ọdún òní.

UConn: 2024 jẹ́ 0.93, 2023 jẹ́ 0.87, 2014 jẹ́ 0.47, 2011 jẹ́ 0.38, 2004 jẹ́ 0.23, 1999 jẹ́ 0.16. Àpapọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 3.05.

UCLA: 1995 jẹ́ 0.125, mẹ́wàá Wooden sì fún wa ní nǹkan bí 0.22 lápapọ̀. Gbogbo ife 11 náà kò ju 0.34 lọ. Ife kan ṣoṣo tí UConn gbà ní 2014 tóbi ju gbogbo ohun tí UCLA ti ṣe láyé.

Florida á wá ní 1.56, North Carolina 1.32, Duke 1.24, Villanova 1.21, Kansas 1.20, Kentucky 0.76. Kentucky tó jẹ́ ìkejì nínú kíka ife ti ṣubú sí ìsàlẹ̀ Villanova, nítorí ife tó gbà kẹ́yìn jẹ́ ti 2012, mẹ́rin nínú mẹ́jọ rẹ̀ sì ti wà kí 1960 tó dé.

Ẹ jẹ́ ká wá yí nọ́ńbà kan ṣoṣo padà. Bí ọdún ìdajì bá jẹ́ 40, UConn ní 4.89, UCLA ní 4.42. UConn ṣì wà lókè. Bí a bá sọ ọ́ di 50, UCLA ní 5.29, UConn ní 5.09. UCLA ti gba ipò kìn-ín-ní padà. Kò sí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù kankan láàárín ìṣirò méjèèjì. Ọwọ́ ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ló yan olúborí. Ẹni tó bá gbé àtòjọ síwájú yín tó ní òun “wo ìtàn àti òde òní papọ̀”, ẹ bi í léèrè iye tí àná ń dín kù lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá lè sọ ọ́, ojú ló fi tò ó.

Èwo wá ni ká yàn? Ó dá lórí ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iyì orúkọ, 50 kò pọ̀ jù. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀dọ́ kan tó ń wá yunifásítì báyìí lè lọ kó sì gba ife, 10 gan-an ti gùn jù, márùn-ún ló yẹ. Láti 2021, akẹ́kọ̀ọ́ lè kúrò ní yunifásítì kan sí òmíràn láìjókòó gbáko fún ọdún kan bí ti tẹ́lẹ̀, ó sì lè gba owó lórí orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀. Ikọ̀ tó dé Final Four lọ́dún yìí lè pàdánù gbogbo àwọn márùn-ún tó ń bẹ̀rẹ̀ eré kí oṣù méjì tó pé.

Ẹ tún yẹ akọ́nimọ̀ọ́gbá wò. UCLA gba mẹ́wàá lábẹ́ Wooden, ẹyọ kan ṣoṣo láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì ní 1975. Ikọ̀ Indiana, lábẹ́ Bob Knight, ni olúborí tó gbẹ̀yìn tí kò pàdánù eré kankan: 32 nínú 32, ní 1976. Ife rẹ̀ tó kẹ́yìn jẹ́ ti 1987. UConn ní tirẹ̀ gba mẹ́ta lábẹ́ Jim Calhoun, ẹyọ kan lábẹ́ Kevin Ollie, méjì lábẹ́ Dan Hurley. Ìyẹn fi hàn pé yunifásítì fúnra rẹ̀ ló lágbára, kì í ṣe ẹnì kan. Lójú tèmi, èyí ló yẹ kó wúwo jù nínú àtòjọ tó bá ń sọ̀rọ̀ “yunifásítì”, síbẹ̀ díẹ̀ ni àwọn tó ń kà á.

Ipò ti sáà yìí: AP, NET àti KenPom

Àwọn mẹ́ta yìí ni ẹ máa ń rí nínú ìròyìn, ọ̀tọ̀ sì ni iṣẹ́ kálukú. AP jẹ́ ìbò àwọn akọ̀ròyìn, ó ti wà láti 1949. Olùdìbò kọ̀ọ̀kan kọ ikọ̀ 25. Ẹni àkọ́kọ́ gba àmì 25, èkejì 24, bẹ́ẹ̀ títí dé 1. Ẹ rántí pé èrò ọkàn ni, orúkọ ńlá sì máa ń pẹ́ kó tó já bọ́.

NET ni NCAA fúnra rẹ̀ ń lò láti fi to ikọ̀ sípò láti sáà 2018–19. Ó rọ́pò RPI, èyí tó jẹ́ pé ìdá 25 péré nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ ohun tí ikọ̀ náà fúnra rẹ̀ ṣe. 50 jẹ́ ti àwọn tó bá a ṣeré, 25 jẹ́ ti àwọn tó bá àwọn yẹn ṣeré. Ẹ lè gun òkè nítorí pé ẹ yan alátakò dáadáa. Pẹ̀lú NET, wọ́n pín eré sí ìsọ̀rí mẹ́rin. Ìsọ̀rí kìn-ín-ní ni èyí tó níyì jù: alátakò tó wà ní ipò 1 sí 30 bí ẹ bá gbá a nílé yín, 1 sí 50 níbi tí kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni, 1 sí 75 bí ẹ bá lọ bá a nílé rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bíborí ẹni tó wà ní ipò 70 nílé rẹ̀ fi níyì ju bíborí ẹni tó wà ní ipò 40 nílé tiyín lọ.

KenPom, iṣẹ́ Ken Pomeroy, kò wo ẹni tó borí nìkan. Ó ń wo àmì tí ikọ̀ ń gbà nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti iye tó ń jẹ́ kí alátakò gbà. Ikọ̀ tó gba àmì 80 nínú ìgbà 80 ní 100. Èyí tó gba 66 nínú ìgbà 60 ní 110. Èkejì ló mọ bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 66 kéré sí 80. Eré rẹ̀ kàn lọ́ra ni. Lẹ́yìn náà ni a ó wá tún un ṣe gẹ́gẹ́ bí alátakò ṣe le tó. Fún ọdún aipẹ́, kò sí òṣùwọ̀n tí mo fọkàn tán tó o. Ṣùgbọ́n kò dé àwọn ọdún 1980, kò sì lè bá yín to ìtàn.

Ibi tí orí wà nínú rẹ̀

Ìdíje tí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti ń lé èèyàn sílé kò lè sọ òtítọ́ gbogbo. Virginia jẹ́ àkọ́kọ́ nínú gbogbo ikọ̀ ní 2018, UMBC fi 74 sí 54 nà án ní eré àkọ́kọ́. Virginia kan náà gba ife ní 2019. Gonzaga ti wọ ìdíje náà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ṣe é láti 1999, ó dé àṣekágbá ní 2017 àti 2021, kò ní ife. Ní 2020 wọn kò ṣe ìdíje rárá nítorí Kòrónà, Kansas tó wà ní ipò kìn-ín-ní sì pàdánù ohun tí kò sí ẹni tó lè kà fún un. Ẹ má fi òdo sí ọdún yẹn nínú ìwé yín. Ẹ fò ó.

Houston ló mọ èyí lára jù. Ní 1983, Hakeem Olajuwon, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Èkó, ló wà láàárín wọn. Àwọn ni AP fi sí ipò kìn-ín-ní, wọ́n ti borí nínú eré 26 léraléra. NC State fi 54 sí 52 nà wọ́n: bọ́ọ̀lù tí ẹnì kan jù kò tó àwọ̀n, Lorenzo Charles gbá a mú lókè ó sì tì í wọlé bí àsìkò ṣe ń parí. Olajuwon ni wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù ní Final Four, bẹ́ẹ̀ ikọ̀ rẹ̀ kò gba ife. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Georgetown fi 84 sí 75 nà wọ́n ní àṣekágbá. Láti ìgbà náà títí di 2018, Houston kò borí nínú eré kan ṣoṣo nínú ìdíje NCAA.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín

Ẹ yan ohun tí ẹ fẹ́ kà, kí ẹ fún un ní àmì kí ẹ tó wo orúkọ ẹnikẹ́ni. Fún àpẹẹrẹ: Final Four 4, ẹni tó pàdánù ní àṣekágbá 6, ife 10. Ibi tó ga jù tí ikọ̀ dé lọ́dún náà nìkan ni kí ẹ kà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn fún olúborí ní 10, kó tún fi 6 àti 4 lé e. Ọdún kan ṣoṣo á di 20, ife á sì gbé gbogbo àtòjọ mì. Ẹ kọ bóyá ẹ ka àwọn tí wọ́n yọ. Ẹ wá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan láìdín àná kù, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ọdún ìdajì 10, kí ẹ sì tẹ méjèèjì síta pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi mẹ́ta dán an wò. Láìdín nǹkan kan kù, UConn ní ife mẹ́fà àti Final Four 2009: 64. Indiana ní ife márùn-ún, àṣekágbá 2002 tó pàdánù, àti Final Four 1973 àti 1992: òun náà 64. Houston pàdánù ní àṣekágbá 1983, 1984 àti 2025, ó sì dúró ní Final Four ní 1967, 1968, 1982 àti 2021: 34. Pẹ̀lú ọdún ìdajì 10, UConn di 31.8. Houston, tí kò tíì gba ife rí, di 10.1. Indiana, pẹ̀lú ife márùn-ún lórí pẹpẹ, di 3.4.